Mad Men ní 4K: báwo ni òṣìṣẹ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà ṣe wọ inú ìran èébì Roger Sterling?

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2025 tí ìkànnì HBO Max ti gbé eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà Mad Men jáde ní 4K, ìyẹn àwòrán tó mọ́ gan-an, àwòrán kan wà tí àwọn olólùfẹ́ eré náà ń fi ránṣẹ́ síra wọn ṣáá. Nínú àwòrán ọ̀hún, Roger Sterling, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá inú eré náà, ń bì bí ẹni tí ìfun rẹ̀ fẹ́ tú síta. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún, àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà lóṣòó, ọwọ́ wọn wà lórí họ́ọ̀sì tí èébì náà ń gbà jáde. Ìtàn ọdún 1960 ni wọ́n ń sọ o, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rí àwọn ẹni yẹn.

Ìbéèrè pọ̀. Ṣé AI ló ṣe é? Ṣé ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ tí a ò fojú sí i? Ṣé HBO Max ló ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́? Rárá ni ìdáhùn sí méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta gba àlàyé, àlàyé náà kò sì ṣeé ṣe láìmọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí eré láàárín ìgbà tí kámẹ́rà bá dákẹ́ sí ìgbà tí a bá rí i lójú tẹlifíṣọ̀n.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Apá keje nínú sáà kìíní ni ìran náà wà, èyí tí wọ́n pè ní "Red in the Face". Oṣù Kẹjọ ọdún 2007 ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n AMC kọ́kọ́ gbé e sáfẹ́fẹ́. Roger, tí John Slattery ṣe, jẹ́ ọ̀gá fún Don Draper nílé-iṣẹ́ ìpolówó ọjà Sterling Cooper. Ó lọ jẹun alẹ́ nílé Don, ó mutí, ó sì dojú ìfẹ́ kọ ìyàwó onílé nínú kíṣìnì. Don ò bá a fa wàhálà. Nígbà tó yá, ó mú ọ̀gá rẹ̀ lọ jẹun ọ̀sán, ó ń ki ọ́ísítà (ẹran inú ìkarahun òkun) àti ọtí máátínì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kí wọ́n tó jáde, ó ti fún Hollis tó ń wa lífìtì lówó pé kó sọ pé lífìtì ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀, àwọn aṣojú ìpolongo ìbò Nixon, tó ń du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà, ti ń dúró dè wọ́n lókè. Ni wọ́n bá fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹtàlélógún. Bí Roger ṣe yọ sí àwọn àlejò, ó bì ọ́ísítà àti ọtí náà sílẹ̀ níṣojú wọn.

Nínú ẹ̀dà tí a ti ń wò láti 2007, Roger àti èébì rẹ̀ nìkan la ń rí. Nínú ẹ̀dà 4K tí HBO Max kọ́kọ́ gbé jáde, àwọn òṣìṣẹ́ àti họ́ọ̀sì hàn kedere. Yàtọ̀ sí èyí, orúkọ àwọn apá kan nínú sáà kìíní kò bá ohun tó wà nínú wọn mu. Ẹni tó ń wá ìran èébì lábẹ́ orúkọ rẹ̀ lè má bá a níbẹ̀.

Lionsgate, ilé-iṣẹ́ tó ṣe eré náà, ló dáhùn sí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní fáìlì tí kò tọ́ ni wọ́n kó fún HBO Max, àwọn sì ń ṣètò èyí tó tọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi tọ́ láti di gbogbo ẹ̀bi ru ìkànnì. Iṣẹ́ ìkànnì ni láti gba ohun tí wọ́n kó fún un, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì gbé e síta. Ẹni tó ni eré ló ń ṣe fáìlì.

Kí ló dé tí àṣìṣe ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ fi di ariwo báyìí?

Nítorí irú eré tí Mad Men jẹ́ ni. Sáà méje ni, apá 92, láti oṣù Keje 2007 dé oṣù Karùn-ún 2015. Ó gba ẹ̀bùn Emmy fún eré tó dára jù lọ ní ìgbà mẹ́rin léra-léra. Ọ̀nà Madison Avenue ní New York ni ìtàn rẹ̀ dá lé, láàárín àwọn tó ń polówó sìgá, ọkọ̀ àti ohun mímu, láti 1960 títí dé òpin 1970. Matthew Weiner tó dá a sílẹ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ àkókò ṣeré rárá. Ewé lásán, tí kò ní tábà nínú, ni sìgá tí àwọn òṣèré ń fà. Nígbà tí sáà karùn-ún fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn oníròyìn tí wọ́n fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ hàn ṣáájú sọ pé orin Dusty Springfield kan tó wà níbẹ̀ kò tíì jáde lọ́dún 1966 tí ìtàn wà, pé ọdún 1967 ló jáde. Weiner yọ orin náà kúrò kí eré tó dé ojú tẹlifíṣọ̀n.

Eré tí oṣù díẹ̀ láàárín orin àti ìtàn lè mú kí wọ́n tún un ṣe, ẹ wo bí yóò ti rí lójú àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tí họ́ọ̀sì èébì bá dé àárín ọ́fíìsì.

Báwo ni wọ́n tilẹ̀ ṣe ń ṣe èébì nínú eré?

Bí èébì bá kéré, òṣèré á gbé ọbẹ̀ tàbí ọkà tí wọ́n pò mọ́ omi sẹ́nu, á sì tú u jáde. Èébì Roger kò kéré. Ó ń tú jáde bí omi ẹ̀rọ, ẹnu ènìyàn kò sì gba ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún irú èyí ni pé wọ́n á so họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú òṣèré, níbi tí kámẹ́rà kò wò, ẹnu họ́ọ̀sì á sì dúró ní igun ètè. Òṣìṣẹ́ kan á máa fi ẹ̀rọ tàbí ọwọ́ ti omi náà gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹlòmíràn lè di họ́ọ̀sì mú kó má baà yẹ̀. Òṣèré á la ẹnu, á ki orí sílẹ̀, á ṣe bíi pé inú òun ló ti ń jáde.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé họ́ọ̀sì kò lè gùn jù. Bó bá gùn, omi tó nípọn, tó ní ègé oúnjẹ nínú, á rọ, kò ní tú jáde pẹ̀lú agbára. Nítorí náà, ẹni tó ń fa ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ súnmọ́ òṣèré. Bí kámẹ́rà bá sì ń wò láti ibi tó fẹ̀, kò sí ibi tí yóò sápamọ́ sí. Olùdarí eré á jẹ́ kó hàn nínú àwòrán, torí ó mọ̀ pé wọ́n máa pa á rẹ́ lẹ́yìn.

Bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́ nìyí. Wọ́n á ya ibi kan náà láìsí ẹnikẹ́ni níbẹ̀: ògiri, ilẹ̀ àti àga nìkan. Nígbà tó bá dé iwájú kọ̀ǹpútà, òṣìṣẹ́ á yí ìlà ká ara òṣìṣẹ́ àti họ́ọ̀sì ní àwòrán kọ̀ọ̀kan, á fi ògiri àti ilẹ̀ òfìfo yẹn bò wọ́n, á sì tún ẹ̀rẹ̀kẹ́ òṣèré ṣe níbi tí họ́ọ̀sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ibi tó le jù ni wóró wínníwínní tó máa ń mì lójú fíìmù. Bí wọn ò bá dá a padà sórí ibi tí wọ́n bò, ojú á rí i pé ibẹ̀ dákẹ́ ju àyíká rẹ̀ lọ, bíi pátákó tí wọ́n kan mọ́ ògiri. Àwòrán 24 ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún túmọ̀ sí àwòrán 120 tí wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn.

Wọ́n ti ṣe gbogbo èyí lọ́dún 2007, wọ́n sì ṣe é dáadáa, torí odidi ọdún méjìdínlógún ni àwọn ènìyàn fi wo ìran náà láìfura.

Ṣé 4K kì í ṣe pé wọ́n kàn mú àwòrán náà mọ́ sí i ni?

Ọ̀nà méjì ló wà, ìyàtọ̀ wọn ló sì tú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí Mad Men kọ́kọ́ jáde, àwòrán HD ni ó parí sí. Àmì kéékèèké tí a fi to àwòrán pọ̀, 1920 ló wà ní ìbú rẹ̀, 1080 ní òró, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,073,600. Ti 4K jẹ́ 3840 ní ìbú àti 2160 ní òró, àpapọ̀ 8,294,400, ìlọ́po mẹ́rin gééré. Ọ̀nà kìíní ni kí wọ́n gbé ẹ̀dà HD tó ti parí, kí kọ̀ǹpútà fẹ̀ ẹ́, kó sì méfò àmì mẹ́ta tó kù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tó wà. Ó yá, kò wọ́n, ṣùgbọ́n kò mú ohun tuntun wá.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n padà sí nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù tó wà nínú kámẹ́rà lọ́jọ́ tí wọ́n ya eré. Fíìmù gidi, ti mílímítà 35, ni wọ́n fi ya sáà kìíní dé ìkẹrin, ohun tó sì wà lójú fíìmù bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju ohun tí HD lè gbé lọ. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ ka nẹ́gátíìfù náà ní 4K, ẹ ó rí òwú aṣọ òṣèré àti ìlà ara igi tábìlì tí HD ti gbé mì.

Ṣùgbọ́n ohun tí kámẹ́rà rí nìkan ló wà lójú nẹ́gátíìfù. Kò mọ̀ nípa ohun tí kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n pa rẹ́, tí wọ́n fi kún un, gbogbo àwọ̀ tí wọ́n tún ṣe, gbogbo orúkọ tó ń kọjá lójú àwòrán, kò sí ọ̀kan níbẹ̀. Ẹni tó bá padà sí nẹ́gátíìfù ti gbà láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ibí ni ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ AI wà. Ká ní ẹ̀dà HD ti 2007 ni wọ́n kàn fẹ̀ sí 4K, àwọn òṣìṣẹ́ yẹn kò lè yọjú, torí wọ́n ti pa wọ́n rẹ́ níbẹ̀. Yíyọ tí wọ́n yọjú fi hàn pé, ó kéré tán fún ṣọ́ọ̀tì yìí (ibi tí kámẹ́rà yà lẹ́ẹ̀kan láìdánu dúró), àwòrán tí kámẹ́rà yà gan-an ló wọ inú fáìlì náà. Ẹ̀rọ kankan kò dá họ́ọ̀sì yẹn sílẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ya eré.

Níbo ni irú iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́?

Lionsgate sọ pé fáìlì tí kò tọ́ ni, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí iṣẹ́ yìí ń gbà kò ṣókùnkùn sí àwọn tó ń ṣe é, ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ níbẹ̀ kò sì pọ̀.

Wọ́n á kọ́kọ́ kó àwọn róòlù nẹ́gátíìfù jáde láti ibi ìpamọ́, wọ́n á ka wọ́n ní 4K. Lẹ́yìn náà, wọ́n á lo ìwé àtòkọ tó ń sọ pé ṣọ́ọ̀tì yìí bẹ̀rẹ̀ níbí lójú róòlù yìí, ó parí síbẹ̀, láti to gbogbo rẹ̀ padà bí olóòtú ti gé e ní 2007. Nígbà náà ni wọ́n á wá àwọn ṣọ́ọ̀tì tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tún ṣe, wọ́n á fi èyí tí a ti tún ṣe rọ́pò èyí tí kámẹ́rà yà. Wọ́n á tún àwọ̀ ṣe, wọ́n á nu eruku àti ìhá kúrò, wọ́n á da ohùn pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì dì í ránṣẹ́.

Ibi tó ń yọ̀ jù ni ìpele ìrọ́pò yẹn. Eré tó ní dírágónì kò lè gbàgbé dírágónì rẹ̀. Mad Men kò ní irú ìyẹn. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé wọ́n ṣe é. Bí àkọsílẹ̀ rẹ̀ bá sọnù tàbí tí kò pé, ẹni tó ń to eré padà á rí àwòrán Roger tó ń bì níbi tó yẹ kó wà, gígùn rẹ̀ á bá ti tẹ́lẹ̀ mu, á sì kọjá lọ. Nígbà míràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ṣọ́ọ̀tì náà ní iṣẹ́ lórí, ṣùgbọ́n HD ni iṣẹ́ tó ti parí wà, nítorí náà wọ́n á fi èyí tí kámẹ́rà yà dí ààyè sílẹ̀ kí tuntun tó dé. Bí àmì "ẹ má lo èyí" bá já bọ́ lára fáìlì, ó ti lọ nìyẹn.

Ṣé kò sí ẹni tó wò ó ni? Apá 92, bí ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 72. Ẹni tó ń wo wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ láìsinmi yóò lo ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ fáìlì wò lè rí àwòrán tó dúdú lójijì, ohùn tó já, ìmọ́lẹ̀ tó kọjá ìwọ̀n. Kò lè mọ̀ pé ọkùnrin tó lóṣòó yẹn kì í ṣe òṣèré. Ohun tó ń mú irú èyí ni kí wọ́n gbé ẹ̀dà àtijọ́ àti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ènìyàn tó mọ eré náà jókòó tì í. Ìpele yẹn ló ń gba àkókò àti owó jù, òun náà sì ni wọ́n máa ń fẹ́ dín kù.

Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ti sáà karùn-ún dé ìkeje?

Ó yàtọ̀. Láti sáà karùn-ún, tó jáde ní 2012, wọ́n fi fíìmù sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kámẹ́rà Alexa ti ilé-iṣẹ́ Arri yà á. Ojú kámẹ́rà Alexa ìgbà yẹn kò dé 4K. Ohun tó lè mú jù fún àwòrán tẹlifíṣọ̀n jẹ́ 2880 ní ìbú àti 1620 ní òró. Nítorí náà, kò sí nẹ́gátíìfù kankan tí wọ́n lè padà sí fún àwọn sáà wọ̀nyẹn, àmúfẹ̀ ni 4K wọn gbọ́dọ̀ jẹ́. Ẹni tó ń retí pé sáà keje yóò mọ́ ju sáà kìíní lọ torí pé ó dé lẹ́yìn, ìdàkejì ló lè bá.

Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí eré míì rí?

Ó ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́nà kan náà, ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn ti máa ń dàrú. Buffy the Vampire Slayer ní òṣìṣẹ́ àti ohun èlò tó hàn nínú ẹ̀dà HD rẹ̀, torí wọ́n fẹ àwòrán tó ṣe bí àpótí sí fífẹ̀ tí tẹlifíṣọ̀n òde òní ń lò, tí ẹ̀gbẹ́ tí kò yẹ kó hàn sì hàn. Ti The Simpsons lórí Disney+ ní 2019 jẹ́ òdìkejì: wọ́n gé òkè àti ìsàlẹ̀ àwòrán àtijọ́ kúrò kó lè fẹ̀, àwọn ẹ̀fẹ̀ kan sì bá a lọ. Mad Men kò ní ìṣòro yìí, àwòrán fífẹ̀ ni wọ́n ti fi yà á láti ọjọ́ kìíní. Ife kọfí inú Game of Thrones ní 2019 náà kò jọ ọ́. Ife yẹn wà nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́, HBO ló padà lọ pa á rẹ́.

Èyí tó súnmọ́ ọn jù ni Star Trek: The Next Generation. Fíìmù ni wọ́n fi yà á, ṣùgbọ́n orí téèpù fídíò ni wọ́n ti parí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e jáde ní HD láti 2012, wọ́n padà sí nẹ́gátíìfù, wọ́n sì ní láti tún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ ṣe. Ó ná wọn lówó gọbọi, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe dáadáa bí àkọsílẹ̀ bá pé.

Kí ni àwọn olólùfẹ́ eré ń jà sí?

Àwọn kan ní ẹ̀bùn ni àṣìṣe yìí. Wọ́n ní ó jẹ́ ká rí bí Slattery ṣe mú wa gbà á gbọ́ pẹ̀lú họ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, pé kí Lionsgate fi irú rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àfikún. Àwọn míì kò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Wọ́n ní ìran yẹn jẹ́ ibi tí ẹ̀san ti ké, kì í ṣe àwàdà, àti pé ẹni tó ń wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní rí ìran náà bó ṣe yẹ mọ́ láé.

Àríyànjiyàn tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ ni bóyá ó yẹ ká gbé Mad Men sí 4K rárá. Àwọn tó fara mọ́ ọn ń tọ́ka sí nẹ́gátíìfù: ohun tí àwọn ayàwòrán bíi Phil Abraham àti Chris Manley yà ti wà níbẹ̀, a kò kàn tíì rí i tán ni. Àwọn tó ń ta kò ó ní HD ni Weiner àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń wò nígbà tí wọ́n ń yan irun àtọwọ́dá, àtíkè àti ògiri. Ohun tí HD bò lójú wọn kò yẹ kó hàn lójú wa. Àwọn méjèèjì ní ẹ̀tọ́ sí ohun tí wọ́n ń sọ. Ìbéèrè tó wà láàárín wọn ni pé èwo ni iṣẹ́ gan-an, ohun tí wọ́n yà tàbí ohun tí wọ́n parí? Ìran èébì yìí gbè sẹ́yìn àwọn tó ń sọ pé ohun tí wọ́n parí ni.

Ṣé wọ́n ti yí nǹkan padà nínú Mad Men rí?

Ní 2020, bẹ́ẹ̀ ni, ìgbà yẹn sì jẹ́ àmọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Nínú apá kẹta sáà kẹta, "My Old Kentucky Home", Roger fi àwọ̀ dúdú kun ojú níbi àríyá kan, ó ń kọrin bí aláwọ̀ funfun tó ń fi èèyàn dúdú ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí eré náà kúrò lórí Netflix, tó bọ́ sórí ìkànnì IMDb TV lóṣù Keje ọdún yẹn, Lionsgate kò yọ apá náà kúrò. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ síwájú rẹ̀. Lákòókò kan náà, àwọn ilé-iṣẹ́ míì yọ apá mẹ́rin kúrò nínú eré 30 Rock, wọ́n sì yọ ọ̀kan nínú eré Community, torí ọ̀rọ̀ kíkun ojú yìí kan náà.

Ohun tó so ìyẹn pọ̀ mọ́ ti èébì ni pé lórí ìkànnì, ẹ̀dà tó wà lónìí ló máa ń gba ipò ti àná. Wọ́n lè rọ́pò rẹ̀ sí rere, wọ́n lè rọ́pò rẹ̀ sí búburú, láìsí àmì kankan tó máa sọ fún òǹwòran. Ní 2020, òǹwòran rí ìkìlọ̀. Ní 2025, ojú ara rẹ̀ ló fi rí i.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ẹ̀dà tí mo ń wò?

Ẹ lọ sí "Red in the Face", kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà apá nìkan torí ọ̀rọ̀ orúkọ tó dàrú yẹn. Ẹ wá ibi tí Don àti Roger ti ń gun àtẹ̀gùn, kí ẹ lọ síwájú dé ibi tí àwọn aṣojú Nixon ti dúró. Ẹ dá eré dúró bí èébì bá ti jáde, kí ẹ wo apá ọ̀tún àwòrán. Bí ẹ bá rí ènìyàn tó lóṣòó, ẹ̀dà tó bàjẹ́ ni. Ẹni tó bá ti gba apá náà sílẹ̀ sórí fóònù rẹ̀ gbọ́dọ̀ pa á rẹ́ kó tún un gbà, torí èyí tó wà lórí fóònù kì í yí padà fúnra rẹ̀ bí ìkànnì bá tún tirẹ̀ ṣe.

Ẹni tí kò fẹ́ wàhálà yìí, díìsìkì Blu-ray wà fún gbogbo sáà méjèèje. HD ni, kì í ṣe 4K, ṣùgbọ́n Roger nìkan ló ń bì níbẹ̀.